Ta Ló Ni Ojú Fóònù: Géèmù Ni àbí Mẹ́nù?

ÌBÉÈRÈ

Ijegun-Ẹ̀gbá ni mo ń gbé, fóònù ni mo sì ń tún ṣe ní Festac. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń fi Unity kọ géèmù ayò ọlọ́pọ́n fún fóònù Android. Ọpọ́n ti dúró, ọmọ ayò ń lọ láti ihò dé ihò bó ṣe yẹ. Mẹ́nù ló fẹ́ gba ẹ̀mí mi. Èyí tí mo yà nínú Unity kò wù mí, ni mo bá fi Android Studio ṣe òmíràn: bọ́tìnnì “Ta Ayò”, ojú-ewé òfin, àti ibi tí èèyàn yóò ti yan ìpele, bóyá Ọ̀pẹ ni òun fẹ́ bá ta tàbí Ọ̀ta. Nígbà tí mo wá pa wọ́n pọ̀, wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àmì áàpù méjì ló jáde lójú fóònù. Bí mo bá jáde nínú géèmù kí n lè padà sí mẹ́nù, gbogbo áàpù ló ń kú. Nígbà mìíràn sì rèé, Ọ̀ta ni mo tẹ̀, Ọ̀pẹ ni géèmù gbé jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ́ńjìnnì géèmù àti mẹ́nù Android kì í gbé inú áàpù kan náà, pé kí n mú ọ̀kan kí n fi ìkejì sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Àbí iṣẹ́ náà ti ju èmi tí mò ń kọ́ ọ fúnra mi lọ?

Òǹkàwé yín, Ijegun-Ẹ̀gbá, Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin

ÌDÁHÙN

Ohun tí ojú ọ̀rẹ́ yín ti rí ló sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì géèmù àti mẹ́nù Android lè gbé inú áàpù kan náà láìjà, ẹ kò sì ní í ju nǹkan kan nù nínú iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe.

Bí mo bá gbọ́ yín yé, ohun mẹ́ta ló ń dà yín láàmú. Àmì áàpù di méjì. Áàpù ń kú nígbà tí ẹ bá fẹ́ padà sí mẹ́nù. Ohun tí ẹ yàn ní mẹ́nù kì í sì í dé ọ̀dọ̀ géèmù nígbà mìíràn. Ẹni tí mẹ́ta yìí bá kọlù lẹ́ẹ̀kan náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé kóòdù òun ti bàjẹ́ láti ìpìlẹ̀. Tiyín kò bàjẹ́. Orísun kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá: Unity ṣì gbà pé òun nìkan ló ni áàpù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin ti fi áàpù náà lé mẹ́nù lọ́wọ́.

Ta ni onílé?

Nígbà tí ẹ bá fi Unity nìkan kọ géèmù, Unity ló ni gbogbo áàpù lóòótọ́. Òun ló ń fi àmì sójú fóònù. Òun ló ń kọ́kọ́ jí bí èèyàn bá tẹ àmì náà. Òun ló gba ojú fóònù láti òkè dé ìsàlẹ̀, bó bá sì ní òun ń lọ, áàpù parí nìyẹn. Kò sí ẹni tí èyí ń pa lára, torí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ gbé mẹ́nù Android wọlé ni nǹkan yí padà. Mẹ́nù di onílé, Unity di ayálégbé nínú yàrá kan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún un. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára géètì, bó bá sì ń jáde, iná gbogbo ilé ló ń pa. Gbogbo iṣẹ́ tó kù fún yín kò ju kí ẹ jẹ́ kí ayálégbé yìí mọ àyè rẹ̀.

Android máa ń pe ojú kọ̀ọ̀kan tí áàpù lè fi hàn ní Activity. Mẹ́nù yín jẹ́ Activity kan, ojú-ewé òfin lè jẹ́ òmíràn. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìdáhùn mi ni pé géèmù Unity yín náà kò ju Activity kan lọ. UnityPlayerActivity ni orúkọ rẹ̀; bó bá jẹ́ Unity 6 ni ẹ ń lò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ UnityPlayerGameActivity, ẹ wò ó nínú Player Settings. Bí ẹ ṣe lè ṣí ojú-ewé òfin láti inú mẹ́nù, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ṣe lè ṣí géèmù.

Inú Activity méjèèjì ni ìyàtọ̀ wà. Mẹ́nù Android máa ń ya ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á wá dúró jẹ́ẹ́ títí ìka yóò fi kàn án. Ẹ́ńjìnnì géèmù kì í dúró. Bí géèmù bá ń ya àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àyè tó ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìdá ẹgbẹ̀rún 16.7 ìṣẹ́jú àáyá lọ, ì báà jẹ́ pé ọmọ ayò kan kò kúrò lójú kan. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì fi ń fẹ́ gba gbogbo ojú fóònù, ìdí nìyí náà tó fi ń jẹ bátìrì. Ṣùgbọ́n bí Activity mìíràn bá bọ́ síwájú, Android fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún Unity pé kó dúró, Unity á sì dúró. Àlàáfíà ti wà láàárín wọn tẹ́lẹ̀, ẹ kàn ní láti lò ó ni.

Àwọn tó ṣe Unity náà mọ̀ pé àwọn èèyàn ń fẹ́ irú èyí. Láti Unity 2019.3 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní gbangba, Unity as a Library ni wọ́n sì ń pè é. Níbi tí ẹ ti máa ń kọ́ áàpù, ẹ yan Export Project. Fódà méjì pàtàkì ni yóò jáde: launcher àti unityLibrary. Launcher ni èyí tí Unity ṣe fún ara rẹ̀ kó lè dá dúró. Ẹ kò nílò rẹ̀. unityLibrary ni géèmù yín gan-an. Òun ni kí ẹ so mọ́ iṣẹ́ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nínú Android Studio.

Àmì áàpù méjì

Èyí ló rọrùn jù. Ẹ ṣí AndroidManifest.xml tó wà nínú unityLibrary. Ẹ óò rí Activity Unity níbẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ ni intent-filter kan wà tó ní MAIN àti LAUNCHER nínú. Ìlà wọ̀nyẹn ló ń sọ fún Android pé, “Ẹ fi àmì mi sójú fóònù.” Mẹ́nù yín náà ní irú rẹ̀, ni fóònù bá gbọ́ ti àwọn méjèèjì. Ẹ yọ intent-filter ti Unity kúrò, kí ẹ fi ti mẹ́nù sílẹ̀. Àmì á di ẹyọ kan.

Ẹ máa yẹ fáìlì náà wò nígbàkigbà tí ẹ bá tún kó géèmù jáde láti Unity, torí ìlà tí ẹ yọ lè padà wá.

Áàpù tó ń kú

Ó jọ pé Application.Quit ni ẹ fi sábẹ́ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń jáde nínú géèmù. Ẹ̀bi yín kọ́. Bí gbogbo èèyàn ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Android máa ń fi áàpù kan sínú àyè iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní process, Application.Quit kì í sì í ti Activity Unity nìkan. Gbogbo process ló ń pa. Inú process yẹn kan náà ni mẹ́nù yín wà, torí náà wọ́n jọ ń kú ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti yẹra fún un. Mo fara mọ́ èyí àkọ́kọ́ fún géèmù ayò.

Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má pa Unity rárá. Ẹ ṣe Activity tiyín tó jogún UnityPlayerActivity, ká pè é ní AyoActivity, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú manifest yín. Ẹ fi iṣẹ́ kan sínú rẹ̀ tí yóò máa pe mẹ́nù padà síwájú pẹ̀lú FLAG_ACTIVITY_REORDER_TO_FRONT. Bọ́tìnnì “Padà sí Mẹ́nù” tó wà lójú ọpọ́n yóò pe iṣẹ́ yìí dípò Application.Quit. Bí mẹ́nù bá ti bọ́ síwájú, Unity dúró, àwòrán yíyà dúró, bátìrì sinmi. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibi tí iná ti lè lọ nígbàkigbà kò nílò kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé ìyẹn.

Kí Unity tó dúró, yóò pe OnApplicationPause nínú C# yín pẹ̀lú true. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti pa ayò mọ́: iye ọmọ tó wà nínú ihò méjèèjìlá, iye tí oníkálukú ti jẹ, àti ẹni tó kàn láti ta. Nọ́ńbà 15 péré ni. Bí Android bá tilẹ̀ padà pa áàpù yín nítorí pé àyè kò tó nínú fóònù, ẹni tó ń ta ayò yóò bá ọpọ́n rẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀.

Ìkejì ni Application.Unload. Èyí ń kó ohun tó wà nínú géèmù kúrò láìpa process. Ó wúlò, àmọ́ ẹ kíyè sí nǹkan méjì. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtọ́nisọ́nà Unity ṣe wí, lẹ́yìn Unload, Unity ṣì máa ń di nǹkan bíi 80 sí 180 MB mú nínú mẹ́mórì kó lè yára padà. Lẹ́yìn náà, bí Unity bá parí Unload, UnityPlayerActivity máa ń gbé gbogbo áàpù lọ sẹ́yìn, ẹni tó ń lo fóònù á wá rò pé ó ti kú. Ẹ ní láti tún onUnityPlayerUnloaded kọ nínú AyoActivity, kó lè gbé mẹ́nù wá síwájú.

Ìkẹta ni kí ẹ fún Unity ní process tirẹ̀. Ìlà kan nínú manifest ló ń ṣe é: android:process=":Unity". Bẹ́ẹ̀, bí Unity bá pa process, tirẹ̀ nìkan ló pa. Ẹ óò san owó rẹ̀ níbòmíràn: gbogbo ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ ta ayò ni Unity yóò máa jí láti ìbẹ̀rẹ̀, mẹ́nù àti géèmù kò sì ní í lè rí ohun tó wà nínú mẹ́mórì ara wọn mọ́.

Ẹ má gbàgbé bọ́tìnnì ìpadàsẹ́yìn ti fóònù fúnra rẹ̀. Unity máa ń rí i gẹ́gẹ́ bíi KeyCode.Escape. Bí ẹ kò bá sọ ohun tó máa ṣe fún un, ẹni tó ń ta ayò yóò máa tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan kò ní í ṣẹlẹ̀. Ẹ so ó mọ́ iṣẹ́ kan náà tí “Padà sí Mẹ́nù” ń ṣe.

Ọ̀ta tó di Ọ̀pẹ

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù, torí òun ló ń mú orí èèyàn gbóná. Ó jọ pé UnitySendMessage lẹ ń lò láti sọ fún géèmù pé Ọ̀ta ni wọ́n yàn. Ohun mẹ́ta ló ń gbà: orúkọ ohun kan nínú géèmù, orúkọ iṣẹ́ tó máa ṣe, àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kò sí àléébù nínú rẹ̀. Àkókò tí ẹ fi rán an ni kò dára.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ tẹ Ọ̀ta. Mẹ́nù ṣí géèmù, ó sì rán ọ̀rọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Lásìkò yẹn, Unity ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni, àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ ló wà lójú fóònù, ọpọ́n kò tíì sí níbẹ̀, ohun tí ẹ dárúkọ kò tíì sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò rí ẹni gbà á, ó sì sọnù. Nígbà tí ọpọ́n wá jáde, ó lo ohun tí ẹ kọ sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn Ọ̀pẹ. Bí fóònù bá yára, ọ̀rọ̀ náà lè bá a. Bó bá lọ́ra, kò ní í bá a. Ìdí tó fi jẹ́ “nígbà mìíràn” nìyẹn, tí ẹ kò sì rí ìdí rẹ̀ mú.

Ìwòsàn rẹ̀ ni kí ẹ má rán ọ̀rọ̀ tẹ̀lé géèmù. Ẹ fi í lé e lọ́wọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Intent tí ẹ fi ń ṣí géèmù lè gbé ọ̀rọ̀ dání:

val i = Intent(this, AyoActivity::class.java)
i.putExtra("ipele", "ota")
i.addFlags(Intent.FLAG_ACTIVITY_REORDER_TO_FRONT)
startActivity(i)

Nínú C#, nígbà tí ọpọ́n bá ti ṣetán, ẹ mú currentActivity láti inú com.unity3d.player.UnityPlayer, ẹ pe getIntent lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà getStringExtra pẹ̀lú "ipele". Báyìí, géèmù ló ń lọ mú ọ̀rọ̀ nígbà tó bá ráyè. Fóònù tó yára àti èyí tó lọ́ra yóò ṣe bákan náà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Bí ẹni náà bá padà sí mẹ́nù, tó yan Ọ̀pẹ, tó tún wọ géèmù, Start inú C# yín kò ní í ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, torí Unity kò kú. Ó dúró ni. Torí náà, ẹ tún ka Intent nígbà tí OnApplicationPause bá dé pẹ̀lú false. UnityPlayerActivity ti máa ń fi Intent tuntun rọ́pò ti àtijọ́, ohun tó tọ́ ni getIntent yóò fún yín.

UnitySendMessage kò di ohun àpatì. Bí ọpọ́n bá ti wà lójú, tí ẹ fẹ́ pa ohùn tàbí kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ayò lákọ̀tun, ó dára fún ìyẹn gan-an.

Ní ti ọ̀rọ̀ tó ń ti géèmù lọ sí mẹ́nù, bíi “ó ti jẹ ọmọ 25, ó ti di ọ̀ta,” C# lè pe iṣẹ́ inú AyoActivity tààrà nípasẹ̀ AndroidJavaObject. Àmọ́ orí thread kan ni Android ti ń tọ́jú bọ́tìnnì àti ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀, orí òmíràn sì ni C# Unity ti ń sáré. Bí C# bá fọwọ́ kan bọ́tìnnì Android, ẹ óò rí ìkìlọ̀ yìí nínú Logcat: “Only the original thread that created a view hierarchy can touch its views.” Ẹ fi runOnUiThread yí kóòdù náà ká, ó parí.

Kí ló yẹ kó wà níbo?

Ìbéèrè yìí kò sí nínú lẹ́tà yín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ohun tó ń yí padà bí ayò ṣe ń lọ, bí iye ọmọ inú ihò, ọwọ́ tó ń pín ọmọ, àmì ẹni tó kàn, kí ẹ́ńjìnnì máa yà á. Ohun tó kàn dúró tó ń retí kí èèyàn kà á, kó tẹ̀ ẹ́ tàbí kó kọ nǹkan sí i, kó wà lọ́wọ́ Android. Bí mẹ́nù kan kò bá ní ju “Ta Ayò” àti “Jáde” lọ, ẹ fi í sínú Unity, kí ẹ sinmi. Tiyín ní ojú-ewé òfin tó gùn, ìdí tó tó nìyẹn fún ohun tí ẹ ń ṣe.

Ìdí mìíràn tún wà tó kan àwa tí à ń kọ Yorùbá gan-an. Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì tó wà nínú mẹ́nù yín: Ayò àti Ọ̀ta. Nínú Unicode, ò tó gbẹ̀yìn Ayò ní nọ́ńbà kan tirẹ̀. Ọ̀ tó ṣíwájú Ọ̀ta kò ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀: Ọ ní tirẹ̀, àmì ohùn ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀, ẹni tó ń ya ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé ìkejì lé orí èkíní. Android ní HarfBuzz tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì géèmù ń gbà ya ọ̀rọ̀ kò mọ̀ ọ́n, àgàgà èyí tó ń lo àwòrán lẹ́tà tí wọ́n ti yà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ayò á jáde dáadáa, àmì orí Ọ̀ta á wá ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo. Bí mẹ́nù tí ẹ yà nínú Unity kò bá wù yín, ó ṣeé ṣe kí ojú yín ti rí èyí kí ẹ tó mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú-ewé òfin wà lọ́wọ́ Android, kí ẹ sì fi àmì sí i pé pérépéré. TalkBack náà yóò lè ka bọ́tìnnì Android sókè fún ẹni tí kò ríran dáadáa. Èyí tí ẹ́ńjìnnì yà kì í sábà rí i kà.

Òfin ayò fúnra rẹ̀ ńkọ́, ihò 12, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń jẹ àti ìgbà tí ayò parí? C# ni kí ó wà, ẹ má fi ẹyọ kan nínú rẹ̀ sínú kóòdù mẹ́nù. Mẹ́nù Android kò lè bá yín lọ sórí irú fóònù mìíràn, C# lè bá yín lọ. Ilé-iṣẹ́ géèmù Gamsole, tí Abíọ́lá Ọláníran dá sílẹ̀ ní 2012, di gbajúmọ̀ nípasẹ̀ géèmù tí wọ́n gbé sórí Windows Phone. Windows Phone ti kásẹ̀ nílẹ̀ lónìí. Maliyo Games, tí Hugo Obi dá sílẹ̀ l'Ékòó ní ọdún kan náà, ló ṣe Disney Iwájú: Rising Chef tó jáde ní 2024 fún Android àti iPhone pọ̀. Ẹ kò lè mọ fóònù tí àwọn èèyàn yóò máa lò lọ́la. Bó bá jẹ́ mẹ́nù nìkan ni ẹ óò tún kọ, ìrora náà kò ní í pọ̀.

Ìbéèrè kéékèèké tó lè tẹ̀ lé e

Ti iPhone: ọgbọ́n kan náà ni. Unity yóò fún yín ní UnityFramework, mẹ́nù yín ni yóò máa pè é. Níbẹ̀, bí Unity bá ti quit pátápátá, kò ṣeé jí padà àfi kí èèyàn ti áàpù kó tún ṣí i. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ máa dá a dúró, kí ẹ má pa á.

Ti Unity méjì nínú áàpù kan: kò ṣeé ṣe. Bí ẹ bá ní géèmù ayò àti Whot, inú Unity kan náà ni kí ẹ kó wọn sí, kí Intent sọ èwo ló máa ṣí.

Ti ẹ́ńjìnnì mìíràn: nínú libGDX, AndroidApplication fúnra rẹ̀ jẹ́ Activity, ìyẹn sì ti mú ọ̀rọ̀ rọrùn, initializeForView wà fún ẹni tó fẹ́ fi géèmù sí apá kan ojú fóònù. Godot náà ní GodotFragment. Orúkọ ló yí padà, ìbéèrè tí ẹ óò bi ara yín kò yí: ta ni onílé?

Ti fóònù kékeré: àwọn fóònù tí mẹ́mórì wọn jẹ́ 2 GB ṣì pọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, ẹ̀yin tí ẹ ń tún wọn ṣe sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Lórí irú wọn, Android lè pa Unity tó dúró lẹ́yìn mẹ́nù. Ẹ kò lè dá a dúró, ẹ má sì bá a jà. Nọ́ńbà 15 tí ẹ ti pa mọ́ ló máa gbà yín.

Ṣé iṣẹ́ náà jù yín lọ?

Rárá. Ẹni tó ta ọmọ ayò yí ọpọ́n ká nínú C#, tó tún lọ kọ́ Android Studio nítorí pé mẹ́nù kan kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ti ṣe èyí tó le jù. Ìṣòro tí ẹ kọ kò fi hàn pé ẹ kò mọ iṣẹ́. Àárín irinṣẹ́ méjì tí àwọn tó ṣe wọ́n kò kọ́kọ́ ronú pé wọn yóò jọ gbé ni ẹ dé, ìwé tó ń kọ́ ọ̀kan kì í sì í sábà dárúkọ ìkejì.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ẹ tò ó báyìí. Ẹ kọ́kọ́ yọ intent-filter, kí ẹ rí i pé àmì kan ló kù. Ẹ yọ Application.Quit níbi gbogbo, kí ẹ fi ìpadà sí mẹ́nù rọ́pò rẹ̀. Ẹ gbé ìpele sínú Intent. Lẹ́yìn náà, ẹ mú fóònù tó lọ́ra jù ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ ṣí Developer options, ẹ tan “Don't keep activities”. Yíyàn yẹn máa ń mú kí Android pa Activity kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá ti kúrò lórí rẹ̀, torí náà ó ń dán áàpù wò lọ́nà tó le jù. Ẹ yan Ọ̀ta, ẹ ta ayò díẹ̀, ẹ padà sí mẹ́nù, ẹ tún wọlé. Bí ọmọ inú ihò kọ̀ọ̀kan bá pé, tó sì jẹ́ Ọ̀ta ló jókòó síwájú yín, iṣẹ́ ti yanjú. Ẹ gbé e fún ọ̀rẹ́ yín kó wá bá Ọ̀ta ta.